Ìyàwó Wa Sájẹ́ǹtì àti Ọwọ́ Tó Kan Búrẹ́dì Léjìká

Ìtàn tèmi yìí kò ní ẹranko kankan nínú. Ìjàpá kò sí níbẹ̀, ẹkùn kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọba kankan kò fi ọmọ rẹ̀ fún ẹni tó bá lè gun igi. Èèyàn ni gbogbo wọn, mo sì mọ ojú wọn. Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bẹ nínú yàrá kejì báyìí, ó ń lọ aṣọ. Ìyàwó àkọ́bí mi ni.

Ìyàwó là ń pè é. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé wa ni, kò sì sí ẹni tó rántí pè é ní nǹkan mìíràn mọ́. Kò ga rárá. Ohùn rẹ̀ ló tún wá kéré jù. Bó bá ń sọ̀rọ̀, àfi kéèyàn na ọrùn bí ẹni tí wọ́n ń sọ àṣírí fún. Nígbà tí ọmọ mi, tó jẹ́ káfíńtà, kọ́kọ́ mú un wálé, tó ní sójà ni, mo wò ó lókè, mo wò ó nísàlẹ̀, mo ní, "Sójà ibo? Ṣé òun ló ń gbé ìbọn ni, àbí ìbọn ló ń gbé e?"

Ojú ti ọmọ mi. Ṣùgbọ́n Ìyàwó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màámi, a jọ ń gbé ara wa ni."

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ èmi àti rẹ̀ ti wọ̀.

Bàbá rẹ̀ a máa tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe, òun náà sì ṣe iṣẹ́ ọ̀hún kó tó wọ iṣẹ́ ológun. Díẹ̀díẹ̀ ló gòkè títí ó fi di sájẹ́ǹtì, tí wọ́n fi sójà díẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ jagun. Wọn kò ní ọkọ̀ ogun onírin, wọn kò ní ọkọ̀ òfuurufú. Bàtà wọn ni mọ́tò wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di tèmi nìyí. Abíkẹ́yìn mi náà ní iṣẹ́ ológun lòun fẹ́ ṣe. Ọmọ náà ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bí àkàbà. Ẹ mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ì báà jẹ́ ọmọ tó ń rákò. Ìyàwó ti sọ ọ́ ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ láti ọjọ́ tó ti dé, "ẹ" ló sì ń fi bá a sọ̀rọ̀. Orúkọ náà tẹ̀ lé e dé bárékè. Nígbà tí wọ́n sì máa pín àwọn tuntun, abẹ́ ta ni wọ́n pín in sí? Abẹ́ Ìyàwó. Àwọn ọ̀gá ò mọ̀ pé ẹbí ni wọ́n, àwọn méjèèjì náà ò sì la ẹnu.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ sójú ogun, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń ṣe yẹ̀yẹ́ nínú pálọ̀. Ó ní, "Ìyàwó wa, tá a bá débẹ̀, ta ló máa kí ta?"

Ìyàwó ń so okùn bàtà rẹ̀, kò gbójú sókè. Ó ní, "Nínú ilé yìí, ọkọ mi lẹ jẹ́. Tá a bá ti kọjá géètì yẹn, sójà mi lo jẹ́."

"Ẹ gbọ́ o! Ó ti ń fi 'o' bá mi sọ̀rọ̀!"

"Ẹ má bínú. A ò tíì kọjá géètì."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tèmi ò pẹ́. Mo fa Ìyàwó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níbi ìfọṣọ, mo ní, "Abíkẹ́yìn mi ni. Mo fi í lé ọ lọ́wọ́." Ẹlòmíràn ì bá ti búra fún mi, ì bá ti ní kò séwu. Òun kò búra. Ó kàn ní, "Mo ti gbọ́, Màámi." Ẹ̀rù bà mí nítorí pé kò búra, ọkàn mi sì tún balẹ̀ nítorí pé kò búra. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bímọ á mọ ohun tí mò ń wí.

Mi ò sí lójú ogun. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló rò ó fún mi, Búrẹ́dì rò tirẹ̀, Ìyàwó sì fi ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta tún un ṣe níbi tí wọ́n bá ti fi iyọ̀ sí i jù. Búrẹ́dì yìí, sójà abẹ́ rẹ̀ ni, ọkùnrin tó ti ń ṣe búrẹ́dì kó tó di sójà, tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọ yàrá.

Ọ̀nà tí Ìyàwó ń gbà darí àwọn èèyàn rẹ̀ yàtọ̀. Àwọn sájẹ́ǹtì yòókù a máa pariwo títí iṣan ọrùn wọn á fi yọ. Òun ní ariwo kò wúlò níbi tí ìbọn bá ti ń sọ̀rọ̀, torí pé ẹnu ìbọn ju ẹnu èèyàn lọ. Ọwọ́ ló fi kọ́ wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ sáré láti ẹ̀yìn ògiri kan dé ẹ̀yìn òmíràn, wọ́n á tò tẹ̀ léra, òun á wà níwájú. Ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá, tó bá ti múra tán, á gbé ọwọ́, á fi lu ejìká ẹni iwájú rẹ̀. Ìyẹn á lu ti ẹni iwájú tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ náà á máa bọ̀, á máa bọ̀, títí á fi kan Ìyàwó. Tó bá ti kàn án, ó mọ̀ pé gbogbo wọn ti ṣe tán nìyẹn, ó di eré. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wẹ̀yìn, torí ẹni tó bá ń wẹ̀yìn ló máa ń kọsẹ̀.

Àwọn sójà yòókù a máa fi wọ́n ṣẹ̀sín ní bárékè: "Ẹ yà lọ́nà o! Àwọn afọ́jú ń lọ ṣagbe!" Búrẹ́dì a sì dá wọn lóhùn pé, "Afọ́jú tó délé sàn ju olójú tó sùn sọ́nà."

Ó wá di ọjọ́ kan, ọ̀sán gangan, oòrùn ń ta bí ẹni pé ó ní ohun tó ń bínú sí. Ilé ìwòsàn kan wà ní òpin títì kan, ó kún fún aláìsàn àti abiyamọ. Ọkọ̀ tó máa kó wọn lọ síbi ààbò ti dúró, ẹ́ńjìnnì ti ń kùn, ṣùgbọ́n títì yẹn nìkan ni ọ̀nà tó wà. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ sì ti gbé ìbọn arọ̀jò-ọta kan sójú fèrèsé òkè ní ilé ayàwòrán. Ìsàlẹ̀ ilé náà ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, àwòrán àwọn ìyàwó tuntun ṣì wà nínú gíláàsì, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Lórí wọn ni ikú jókòó sí. Wọ́n ní kí Ìyàwó àti àwọn èèyàn rẹ̀ lọ pa ẹnu ìbọn yẹn dé.

Wọ́n ti rápálá dé ṣọ́ọ̀bù oníbẹ́ẹ̀dì kan tó wà ní apá kan náà pẹ̀lú ilé ayàwòrán, ilé mẹ́ta péré ló wà láàárín wọn. Fóòmù kún ibẹ̀ dé àjà. Ìyàwó rò pé ó yẹ kí wọ́n sọdá sí òdì kejì, kí wọ́n lè rí ojú fèrèsé náà dáadáa. Ilé búrẹ́dì ló wà níbẹ̀. Búrẹ́dì gbọ́ òórùn ìyẹ̀fun, ó ní, "Sájẹ́ǹtì, Ọlọ́run ń mú mi lọ sílé."

"Dákẹ́, kó o máa tò," ni Ìyàwó wí.

Wọ́n tò. Búrẹ́dì ló ṣìkejì láti ẹ̀yìn. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló wà lẹ́yìn pátápátá, torí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gùn ni wọ́n máa ń fi sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìbọn Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ há. Ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn fóòmù, ó ń fà á, ó ń gbọ̀n ọ́n, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bẹ ọmọ kó jẹun. Kò tíì múra tán. Kò tíì lu ẹnikẹ́ni léjìká.

Àfi gbàù! Ọta lu ògiri lókè. Ègé símẹ́ǹtì kan ya, ó já bọ́, ejìká Búrẹ́dì ló bà lé: gbì! Búrẹ́dì kò wẹ̀yìn. Ṣebí wọ́n ti kọ́ ọ pé kó má wẹ̀yìn. Ó gbé ọwọ́, ó lu ẹni iwájú rẹ̀. Ìyẹn lu ẹni iwájú tirẹ̀. Ọwọ́ kan Ìyàwó. Ó di eré!

Wọ́n kọjá títì fìrì. Ìgbà tí ẹsẹ̀ ìkẹyìn wọlé ni ìbọn òkè ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ó ń rọ òjò ọta sójú títì, eruku sọ lálá. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbórí sókè láti ẹ̀yìn fóòmù. Kò rí ẹnì kankan. Ó ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tóun gbọ́ bí ọkàn òun ṣe ń lù nínú etí òun.

Nínú ilé búrẹ́dì, Ìyàwó ń fọwọ́ kàn wọ́n lórí lọ́kọ̀ọ̀kan bí àgbébọ̀ tó ń kó ọmọ jọ. Ó fọwọ́ kan Búrẹ́dì, ó na ọwọ́ kọjá rẹ̀, afẹ́fẹ́ ló bá.

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dà?"

"Ó wà lẹ́yìn mi," ni Búrẹ́dì wí. Ó yí padà. Ààrò ló wà lẹ́yìn rẹ̀. "Háà! Sájẹ́ǹtì, ó lù mí o! Mo fi ìyá tó bí mi búra, ó lù mí!"

Ìyàwó wo ejìká rẹ̀. Ìdọ̀tí símẹ́ǹtì funfun wà níbẹ̀ bí àtíkè.

"Ògiri ló lù ọ́," ló wí.

Búrẹ́dì fọwọ́ kan ejìká, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ pẹ̀ẹ́. Àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í bú u. Ìyàwó ní, "Ẹ gbé ẹjọ́ sílẹ̀. Ẹjọ́ ò lẹ́sẹ̀, kò ní sá lọ."

Ẹni tó gbé redíò pe ọ̀gá wọn lẹ́yìn. Ọ̀gá ní kí wọ́n dúró, ọkọ̀ onírin ń bọ̀, ẹrẹ̀ ló dá a dúró lọ́nà. Sójà kan wà láàárín wọn tí wọ́n ń pè ní Àgbà nítorí ewú orí rẹ̀. Ó ní, "Sájẹ́ǹtì, ẹ jẹ́ ká dúró. Olórí kì í fi agbo sílẹ̀ torí ẹyọ kan."

Ìyàwó ní, "Bàbá, bí agbo bá fi ẹyọ kan sílẹ̀ lónìí, ta lẹ rò pé wọ́n máa fi sílẹ̀ lọ́la? Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wúwo jù ni."

Àgbà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ìyàwó sọ fún mi pé ní gbogbo àkókò yẹn, ojú mi ni òun ń rí. Ó ní, "Màámi, mi ò bẹ̀rù ìbọn tó yín. Mo ń rò ó pé, ojú wo ni mo máa fi wọlé tí mi ò bá mú un dání?" Ó ti fẹ́ sáré padà bẹ́ẹ̀ sínú ọta, kó di ohun tó bá dà. Ó yọjú níbi tí ògiri ti sán. Ohun tó rí níbẹ̀ ló dá ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró.

Ẹnu ìbọn òkè ti yí. Ilé búrẹ́dì ló dojú kọ, kò tilẹ̀ wo ibi tí ṣọ́ọ̀bù oníbẹ́ẹ̀dì wà.

Ó ní, "Wọ́n rò pé gbogbo wa ti sọdá."

Ó fa orí rẹ̀ wọlé.

"Wọ́n rí wa tá a sáré. Wọn ò mọ̀ pé ó ku ẹnì kan. Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ òdì kejì mọ́." Ó yíjú sí Búrẹ́dì. "Dìde. Ìwọ lo máa dúró nípò mi níbí."

"Èmi?" Omi ti fẹ́ já bọ́ lójú ọkùnrin ńlá náà. "Sájẹ́ǹtì, èmi tí mo ba gbogbo nǹkan jẹ́?"

"Ìwọ ni. O ò tún ní ṣe irú ẹ̀ mọ́ láyé. Ṣáà má jẹ́ kí ẹnu ìbọn yẹn kúrò lára yín. Bó o ṣe máa ṣe é, ìwọ ló mọ̀."

Ó ní òun á gba inú gọ́tà tó kọjá lábẹ́ títì. Àgbà tún fẹ́ sọ̀rọ̀, pé kí ó rán ẹlòmíràn. Ìyàwó fọwọ́ hàn án bí ẹnu gọ́tà náà ṣe tó. Ó ní, "Ta ló gbà nínú yín? Àbí kí Búrẹ́dì dán an wò?" Pẹ̀lú gbogbo ọta tó ń kù lókè, ẹ̀rín pa wọ́n. Búrẹ́dì náà rẹ́rìn-ín, omijé ń ṣàn.

Nínú ìtàn tí ìyá mi ń pa fún wa lábẹ́ òṣùpá, ẹni tó bá wọ inú ihò ilẹ̀ á bá iwin olórí méje pàdé. Ìyàwó ò bá iwin kankan pàdé. Eku ló bá, àti ẹrẹ̀, àti bàtà ọmọdé kan tó ti jẹrà. Ó fi ìgúnpá wọ́, ó fi orúnkún wọ́, ìbọn rẹ̀ ń bẹ lọ́rùn. Ó ń gbọ́ ọta lókè orí rẹ̀ bí ẹní ń da àgbàdo sórí páànù.

Búrẹ́dì ní tirẹ̀ ti rí irinṣẹ́ tó mọ̀. Ó mú àwọn igi gbọọrọ tí wọ́n fi ń ti búrẹ́dì sínú ààrò, ó fi akoto irin wọn kọ́ wọn lórí, ó pín wọn. Wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n ń ti akoto yọ lókè ògiri, wọ́n ń fà á wálẹ̀. Ọ̀kan á yọ lọ́tùn-ún, méjì á yọ lósì. Inú bí ìbọn òkè. Ó lu akoto Àgbà, ó yí gbirigbiri lọ. Àgbà pariwo pé, "Ẹ̀yin aláìlójútì! Orí mi nìyẹn ì bá jẹ́!"

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti tú ìbọn rẹ̀ tó há. Ó jókòó sẹ́yìn fóòmù, ó kọ ẹ̀yìn sógiri. Ó ní òun ti gbà pé wọ́n ti gbàgbé òun, òun sì ń ronú ohun tí wọ́n máa sọ fún mi. Ló bá gbọ́ tí nǹkan ń họ ilẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Ó nàbọn sí i.

"Ta nìyẹn?"

Orí kan yọ, ẹrẹ̀ bò ó dé ìpéǹpéjú.

"Ìyàwó yín ni."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ jẹ́ ọkùnrin, kò fẹ́ kí n sọ pé ó sunkún. Ẹ jẹ́ ká ní eruku ló kó sí i lójú. Ó ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀ lọ."

"A ò fi yín sílẹ̀. A ṣì í ni." Ìyàwó nu ẹrẹ̀ kúrò lẹ́nu. "Ẹ gbọ́. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yìí jáde sí ọ̀nà tóóró kan. Tá a bá yà sósì, a máa dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá wa lẹ́yìn, láyọ̀. Tá a bá yà sọ́tùn-ún, ẹ̀yìn ilé ayàwòrán ni. Èwo lẹ fẹ́?"

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wò ó. Ó ní, "Ṣé ìyàwó ilé wa ló ń bi mí ni, àbí Sájẹ́ǹtì?"

Ìyàwó rò ó díẹ̀. "Sájẹ́ǹtì kì í bi èèyàn."

"Kí Sájẹ́ǹtì pàṣẹ, nígbà náà."

Ó ní ìgbà yẹn lòun rí i tí ojú Ìyàwó yí padà, bí ìgbà téèyàn bá tan iná nínú yàrá. "Dìde, sójà. Ọ̀tún."

Wọ́n rìn lẹ́bàá ògiri. Nígbàkúùgbà tí Ìyàwó bá dúró, á dúró títí ọwọ́ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ á fi kàn án léjìká, ọwọ́ ẹlẹ́ran-ara tó gbóná. Wọ́n dé ẹ̀yìnkùlé ayàwòrán. Wọ́n gun àtẹ̀gùn. Ilẹ̀kùn yàrá òkè ṣí sílẹ̀ gbayawu nítorí ooru. Ọlọ̀tẹ̀ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn. Ọ̀kan ń yìnbọn, ọ̀kan ń fi ọta bọ́ ọ, ìkẹta ń fi akoto tó ń jó lókè ògiri rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ wò wọ́n bí òkété!"

Ìyàwó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò pariwo. Ó fi ohùn rẹ̀ kékeré yẹn ní, "Ẹ káàsán o."

Wọ́n rò pé èèyàn wọn ni. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín tilẹ̀ dáhùn, ó ní, "Ẹ káàsán," kó tó yíjú. Ìbọn méjì ló bá níwájú rẹ̀, pẹ̀lú obìnrin kan tó fi ẹrẹ̀ wẹ̀. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ọwọ́ mẹ́fà gòkè lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìbọn arọ̀jò-ọta dákẹ́.

Wọ́n ní ìdákẹ́jẹ́ náà pọ̀ débi pé wọ́n gbọ́ tí ọmọ kan ń ké nínú ilé ìwòsàn lókèèrè. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ yọ orí lójú fèrèsé, ó na ọwọ́ rẹ̀ gígùn méjèèjì sókè. Ariwo sọ nínú ilé búrẹ́dì. Búrẹ́dì sáré kọjá títì láìwẹ̀yìn, ó gun àtẹ̀gùn ayàwòrán ní ẹ̀mí kan, ó gbé Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kúrò nílẹ̀ bí ẹni gbé igi. Àwọn ọkọ̀ ilé ìwòsàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá, àwọn abiyamọ ń gbé ọmọ wọn yọ lójú fèrèsé ọkọ̀ kí wọ́n lè rí àwọn sójà, kí àwọn sójà lè rí wọn.

Redíò tí wọ́n gbé gòkè wá dún. Ọ̀gá ní, "Ṣebí mo ní kẹ́ ẹ dúró. Ta ló pàṣẹ?"

Ìyàwó ní, "Èmi ni, sà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni ọ̀gá wí.

Nígbà tí wọ́n padà dé bárékè, kò sẹ́ni tó tún pè wọ́n ní afọ́jú. Àwọn tó ń fi wọ́n ṣẹ̀sín ló wá ń bẹ Búrẹ́dì pé kó kọ́ àwọn ní bí wọ́n ṣe ń to ara wọn. Ó sì ní ohun tó fi kún ẹ̀kọ́ náà: wọ́n kì í lu ejìká lẹ́ẹ̀kan mọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni, torí ògiri kì í lu èèyàn lẹ́ẹ̀mejì ní dọ́gba-n-dọ́gba.

Mò ń sá aṣọ lọ́jọ́ tí wọ́n dé sílé. Mo gbọ́ tí géètì dún. Ẹsẹ̀ gígùn ni mo kọ́kọ́ rí lábẹ́ aṣọ tí mo sá. Aṣọ tó wà lọ́wọ́ mi jábọ́ sínú erùpẹ̀, mi ò wo ibẹ̀. Mo gbá ọmọ mi mú, mo fọwọ́ kàn án lórí, lápá, lẹ́yìn, mo ń wá ibi tó dín kù. Kò sí ibi tó dín kù. Ìyàwó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, báàgì rẹ̀ ṣì wà léjìká.

Ó ní, "Màámi, ẹ gbà á. Ẹrù yẹn wúwo ju ìbọn lọ."

Mo fi ọmọ sílẹ̀, mo dì mọ́ ọn. Èmi tí mo bímọ márùn-ún, ọmọ kẹfà ni mo gbé mọ́ra lọ́jọ́ yẹn.

Ó wẹ̀, ó wọ yàrá lọ sùn. Gbogbo àdúgbò kún pálọ̀ wa, wọ́n ní kí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sọ ọ́ fún wọn. Ó sọ ọ́. Wọ́n ní kó tún un sọ. Bó ṣe ń tún un sọ ni ilé ayàwòrán ń ga sí i, tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ ń bímọ. Wọ́n jẹ́ mẹ́ta, wọ́n di méje. Nígbà tí káfíńtà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé láti ibi iṣẹ́, wọ́n ti di mọ́kànlá, ọ̀kan nínú wọn sì ga dé àjà.

Ohùn kékeré kan jáde láti inú yàrá: "Mẹ́ta ni wọ́n."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ fò dìde, ó pa gìgísẹ̀ pọ̀ gbà, ó kọjú sí ilẹ̀kùn yàrá.

"Mẹ́ta ni wọ́n, Sájẹ́ǹtì!"